Ta ló ní kí ẹ gbé àpò sìmẹ́ǹtì sí búùtù?

Ẹ gbé ọkọ̀ spọ́ọ̀tì kékeré kan gba Ring Road n'Ìbàdàn kọjá, irú èyí tó ní ilẹ̀kùn méjì péré, tí òrùlé rẹ̀ ń ká sẹ́yìn, kí ẹ wá páàkì rẹ̀ sí Challenge. Wọn yóò kọ́kọ́ béèrè iye tí ẹ rà á. Wọn yóò béèrè bóyá páàtì rẹ̀ wà ní Gate. Lẹ́yìn náà ni ìmọ̀ràn tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ wọ́n fún yóò dé: "Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ yìí mà fúyẹ́ jù o. Kò lè di ilẹ̀ mú. Ẹ wá àpò sìmẹ́ǹtì méjì jù sí búùtù, ẹ ó rí i bó ṣe máa balẹ̀." Fọ́kánáísà ń sọ ọ́, ìyá tó ń ta àgbàdo sísun ń sọ ọ́, ọ̀gá báǹkì tó so táì mọ́rùn náà ń sọ ọ́. N kò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹnu kò lé lórí nílùú yìí. Ó sì ti sú mi.

Pé ọkọ̀ tó fúyẹ́ máa ń tètè dúró tí wọ́n bá tẹ bíréèkì, pé kì í bá awakọ̀ jà ní kọ́nà, pé kì í jẹ epo àti táyà bí èyí tó wúwo, n kò ní jókòó máa ṣàlàyé ìyẹn. Ojú ń rí i. Ẹ sáà wo àwọn Micra tó kún ìgboro. Ìran Micra tó jáde ní 1992, èyí tó ń kó èrò láti Dùgbẹ̀ sí Bódìjà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kò wúwo tó 1,000 kílò lófo. Mazda MX-5, tó jẹ́ pé òun ló mú ọkọ̀ spọ́ọ̀tì fífúyẹ́ tí ẹni tí kò lówó rẹpẹtẹ náà lè ní padà wá, jáde ní 1989, òun náà sì wà ní nǹkan bí 1,000 kílò tàbí kó dín díẹ̀. Ta ló ti rí onímáíkírà tó gbé sìmẹ́ǹtì sẹ́yìn kí ọkọ̀ rẹ̀ lè balẹ̀? Wọ́n á ní èrò ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Nígbà tí èrò bá wá sọ̀ kalẹ̀ tán, tó ń sáré òfo padà, ṣé ó máa ń fò lọ sórí páànù ni?

Àwọn àgbà tó ń yin Peugeot 504, tí wọ́n ní wọn kò tíì rí ọkọ̀ tó di ilẹ̀ mú bíi tirẹ̀, òótọ́ ni wọ́n sọ. Àmọ́ 504 tí wọ́n ń tò ní Kàdúná nígbà náà kò ju bí 1,200 kílò lọ. Camry tó wà níta báyìí ń lọ sí 1,450 àti jù bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìwúwo ni gbogbo rẹ̀, 504 ló yẹ kó máa yọ̀ kiri títì. Sípíríǹgì rẹ̀ tó rọ̀, tó sì gùn, ló jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè bá kòtò lọ sísàlẹ̀ kó sì bá a gòkè. Ẹsẹ̀ tó ń kan ilẹ̀ ni ọkọ̀ tó di ilẹ̀ mú.

Ibi tí mo fura sí pé ìmọ̀ràn sìmẹ́ǹtì yìí ti ṣẹ̀ wá ni Volkswagen Ìjàpá. Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà lẹ́yìn, búùtù rẹ̀ wà níwájú, iwájú yẹn sì fúyẹ́ débi pé atẹ́gùn lè tì í sọ́tùn-ún sósì lórí eré. Ẹni tó bá gbé ẹrù díẹ̀ sí búùtù iwájú yóò rí i pé sítíárìn fara balẹ̀. Ìyẹn mọ́gbọ́n dání. N kò lè búra pé ibẹ̀ ló ti wá o, àmọ́ ó jọ bẹ́ẹ̀: Ìjàpá kúrò nílẹ̀, ìmọ̀ràn rẹ̀ kù, ó ṣí láti búùtù iwájú lọ sí búùtù ẹ̀yìn ọkọ̀ mìíràn, ẹnikẹ́ni kò sì béèrè ibi tí ẹ́ńjìnnì wà.

Nínú MX-5, iwájú ni ẹ́ńjìnnì wà, wọ́n sì pín ìwúwo ọkọ̀ náà sí iwájú àti ẹ̀yìn ní ìdajì-ìdajì, ó kù díẹ̀. Àpò sìmẹ́ǹtì méjì jẹ́ 100 kílò, ìdá kan nínú mẹ́wàá odindi ọkọ̀. Tí ẹ bá gbé e sí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, kì í ṣe ẹ̀yìn nìkan ló máa tẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò tún máa gbé iwájú sókè díẹ̀. Iwájú yẹn ni ẹ fi ń yíwọ́. Tí ẹ bá wọ kọ́nà pẹ̀lú eré, ìdí ọkọ̀ yóò fẹ́ máa bá tirẹ̀ lọ síta. Bíréèkì náà yóò ní 100 kílò sí i láti dá dúró. Tí ọkọ̀ bá sì fi orí sọ nǹkan, sìmẹ́ǹtì kò ní dúró nígbà tí ọkọ̀ dúró. Ẹ̀yìn ìjókòó yín ni yóò bá pàdé.

Síbẹ̀, ẹni tó ti gbé sìmẹ́ǹtì sí i máa ń fi ìdánilójú sọ pé òun rí ìyàtọ̀. Ohun tó jẹ́ kí ìgbàgbọ́ yìí má kú nìyẹn, n kò sì rò pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Wọ́n lè rí ìyàtọ̀ lóòótọ́. Afẹ́fẹ́ inú táyà ni kí ẹ bi.

Ẹ dé ọ̀dọ̀ fọ́kánáísà, ẹ ní kó bá yín fẹ́ táyà. Kò ní béèrè irú ọkọ̀ tí ẹ gbé wá. Highlander, 35, ìyẹn psi, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà. Corolla, 35. Ọkọ̀ kékeré tí ìdí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, 35, tàbí 40 tó bá fẹ́ràn yín. Tí ẹ bá ní 26 ni ẹ fẹ́, á wojú yín, á rò pé ahun ń ṣe yín lórí afẹ́fẹ́. "Ọ̀gá, táyà yín á bàjẹ́ o." Bẹ́ẹ̀, 26 ni àwọn tó ṣe MX-5 àkọ́kọ́ kọ síbẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn. Ó wà lára bébà kékeré tó lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀. Nínú ọkọ̀ mìíràn wọ́n lè kọ ọ́ ní 180 (kPa) tàbí 1.8 (bar). Ọ̀kan náà ni 26, 180 àti 1.8 ń jẹ́, òṣùwọ̀n ló yàtọ̀. Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ spọ́ọ̀tì ni nọ́ńbà tirẹ̀ jẹ́ 26, ẹ má gbé tèmi lọ fi fẹ́ tiyín. Ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀ yín ni kí ẹ kà. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹni tó lè sọ gbogbo ìtàn ọkọ̀ rẹ̀ láti Amẹ́ríkà dé Kútọnu kò tíì bẹ̀rẹ̀ wo ibẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ọkọ̀ 1,000 kílò gbé nǹkan bí 250 kílò lé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Afẹ́fẹ́ inú táyà ló gbé ìyẹn dúró. Tó bá jẹ́ 26, ibi tí táyà ti máa fara kan ilẹ̀ yóò fẹ̀ tó bíi 137 níwọ̀n sẹ̀ǹtímítà alápá mẹ́rin, ìyẹn ni pé bí àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà ni. Tí ẹ bá fẹ́ ẹ dé 40, ó bọ́ sí bíi 89. Ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta tó ti lọ. Ìṣirò lásán ni o, ara táyà fúnra rẹ̀ ń gbé díẹ̀ nínú ẹrù náà, nítorí náà kì í rí gẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọ̀nà ibẹ̀ ló gbà. Táyà le gbagidi, àárín rẹ̀ nìkan ló ń kan ilẹ̀, gbogbo òkúta tó bá gùn ún ló ń ta ọkọ̀ sókè, tí ẹ bá tẹ bíréèkì lórí títì tó tutù á yọ̀. Olówó ọkọ̀ á ní: "Ẹ ò rí i? Ó fúyẹ́ jù." Ó wá gbé sìmẹ́ǹtì sí i. Sìmẹ́ǹtì tẹ táyà tó le náà mọ́lẹ̀ díẹ̀, ojú táyà fẹ̀ sí i, ọkọ̀ fara balẹ̀. Ó ti rí ẹ̀rí. Kò sí ohun tí ẹ fẹ́ sọ fún un mọ́. Ẹ ní kó jọ̀wọ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀, tí kò ná kọ́bọ̀, kò gbà.

Ọkọ̀ tó wúwo ń tẹ táyà tirẹ̀ mọ́lẹ̀ jù lóòótọ́, ojú táyà rẹ̀ sì fẹ̀ ju tiyín lọ. Àmọ́ ìwúwo kan náà yẹn ni táyà gbọ́dọ̀ fà dúró ní kọ́nà. Ohun tó fi ọwọ́ kan fúnni ló ń fi èkejì gbà, ó sì máa ń gbà ju èyí tó fúnni lọ díẹ̀, nítorí bí ẹrù orí táyà ṣe ń pọ̀ sí i, agbára ìdìmú rẹ̀ kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn, ibi tó ti lè mú mi rèé: omi. Ní 1963, Horne àti Dreher, olùwádìí méjì ní NASA, ilé iṣẹ́ òfurufú Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí lórí táyà ọkọ̀ òfurufú tó ń léfòó lórí omi, ohun tí wọ́n sì rí ni pé bí afẹ́fẹ́ táyà bá ṣe pọ̀ tó ni eré tí yóò sá kó tó léfòó ṣe máa pọ̀ tó. Tí a bá lo ìṣirò wọn, 26 yóò bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó ní nǹkan bí 85 kìlómítà ní wákàtí kan. Èyí tó jẹ́ 40 yóò dé 105. Òfin gbà kí ọkọ̀ àdáni sá 100 ní márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Fọ́kánáísà tó ń fẹ́ ẹ gbagidi rí ibì kan tó jàre, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò rò pé NASA ló ń tẹ̀ lé. Omi tó dúró ṣinṣin lórí títì ni ìṣirò yẹn ń sọ, èyí tó jìn ju ohun tí ojú fínfín táyà lè lé jáde lọ. Kì í ṣe títì tó kàn tutù. Ẹ sì kíyè sí i pé ìwúwo ọkọ̀ kò sí nínú rẹ̀ rárá. Nítorí náà, n kò ní fọwọ́ sọ̀yà pé 26 ló dáa jù fún ẹni tó ń fi márosẹ̀ ṣe ilé nígbà òjò. Bóyá kó fi méjì kún un. Bóyá kó dín eré kù. Èkejì ni èmi máa mú.

Wọ́n tún máa ń ní kí ẹ fi ríìmù ńlá sí i kó lè dúró dáadáa. MX-5 àkọ́kọ́ bá táyà 185/60R14 dé, ìyẹn ti ríìmù íńṣì mẹ́rìnlá, ó sì tó o. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ pé ọkọ̀ fúyẹ́ jù ti fẹ́ jẹ́ òótọ́: tí ẹsẹ̀ bá wúwo tí ara ọkọ̀ fúyẹ́, ẹsẹ̀ ni yóò máa ju ara kiri lórí títì wa yìí. Ẹni tó ti jókòó sínú irú rẹ̀ gba Iwo Road kọjá kò ní gbàgbé. Àmọ́ ríìmù ni kí ẹ bá wí. Kí ẹ má sì jẹ́ kí mẹkáníìkì kankan gé sípíríǹgì yín. Àyè tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní láti lọ sókè sódò kò pọ̀ tẹ́lẹ̀, èyí tó kù náà ni wọ́n fẹ́ gé sọnù.

Ohun kan wà tí n kò lè jiyàn lé lórí. Tí ọkọ̀ fífúyẹ́ bá kọlu èyí tó wúwo, ẹni inú èyí tó fúyẹ́ ló máa jìyà jù. Àpò sìmẹ́ǹtì kò sì lè yí ìyẹn padà, nítorí tírélà tó kún lè lé ní 30,000 kílò, 1,000 àti 1,100 kò yàtọ̀ lójú rẹ̀. Ẹ má ṣe rọra máa bá ẹsẹ̀ tírélà lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Awakọ̀ rẹ̀ ga, ẹ̀yin kúrú, kò rí yín.

Táyà tòkunbọ̀ náà, ẹ ṣọ́ra fún un. Nọ́ńbà mẹ́rin ló wà ní ìparí àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà tó tẹ̀ lé DOT lára rẹ̀. Tí ẹ bá rí 2314, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é. Ojú rẹ̀ lè tutù, kó máa dán, kí rọ́bà rẹ̀ ti le kankan. Kò sí iye afẹ́fẹ́ tó lè tún ìyẹn ṣe. Òwúrọ̀, kí ẹ tó gbé ọkọ̀ jáde, ni kí ẹ máa wọn afẹ́fẹ́, kì í ṣe nígbà tí ẹ bá ti Èkó dé tí táyà ti gbóná, torí nọ́ńbà á ti gòkè fúnra rẹ̀. Kí ẹ sì ra géèjì tiyín. Ti fọ́kánáísà àti ti ilé epo kì í sábà bára mu, n kò sì mọ èyí tó ń purọ́ nínú àwọn méjèèjì.