Nọ́ńbà Ẹ̀yìn Ìwé Kò Ka Ìwé Náà Rí

Ẹni tó bá fẹ́ràn ìwé tí òǹkọ̀wé fi owó ara rẹ̀ tẹ̀, pàápàá àwọn tó ṣàjèjì, á ti gbọ́ ìbéèrè yìí títí á fi sú u: "Ṣé ó ní ISBN?", ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ sẹ́yìn ìwé. Ẹ fún èèyàn ní ìwé kékeré tí wọ́n ń kà láti ẹ̀yìn wá síwájú, tàbí èyí tí ẹnì kan fi ọ̀pọ̀ ọdún ya àwòrán kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn sí lójú ewé kọ̀ọ̀kan, kò ní kọ́kọ́ ṣí i. Á yí i padà, á wo ẹ̀yìn rẹ̀, á máa wá àwọn ìlà dúdú wẹ́wẹ́ wọ̀nyẹn àti nọ́ńbà tó ń bá wọn rìn. Tó bá rí i, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀: ìwé gidi rèé, wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Tí kò bá rí i, á dá a padà bí ẹni tí wọ́n fún ní owó ayédèrú.

Ọ̀rọ̀ yìí ń bí mi nínú, n kò sì ní fi pamọ́. Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni pé ISBN jẹ́ ẹ̀rí pé ẹnì kan níbì kan ti ka ìwé náà, ó sì fọwọ́ sí i. Pé ìwé tí kò ní in kò tíì di ìwé. Àti pé ẹni tó bá ti gbà á ti fi òfin dáàbò bo iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí ọ̀kan tó jóòótọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

N kò ní pẹ́ lórí ti "kò tíì di ìwé", torí ìtàn ti dá a lóhùn. Laurence Sterne, òǹkọ̀wé ìtàn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló náwó tẹ apá méjì àkọ́kọ́ ìtàn rẹ̀ ní ìlú York lọ́dún 1759, ó sì ní kí wọ́n kun odindi ojú ewé kan ní dúdú nígbà tí ẹnì kan kú nínú ìtàn náà. Walt Whitman, akéwì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, bá wọn to lára lẹ́tà ìwé ewì rẹ̀ lọ́dún 1855. Beatrix Potter, tó ń kọ ìwé ọmọdé, tẹ ẹ̀dà 250 ìwé ehoro rẹ̀ lọ́dún 1901, lẹ́yìn tí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ ìwé jáde ti kọ̀ ọ́. Kò sí ISBN láyé nígbà náà. Ká tẹ̀síwájú.

Ti ẹ̀rí yẹn ló le. Mo ti bá ọ̀pọ̀ èèyàn jiyàn lórí rẹ̀, ibì kan náà la sì máa ń já sí: "Wọn ò kàn lè fún ẹnikẹ́ni ní nọ́ńbà ṣáá." Wọ́n lè fún un, wọ́n sì ń fún un lójoojúmọ́. Tí a bá mọ ibi tí nọ́ńbà náà ti wá, kò ní yà wá lẹ́nu.

Ilé ìkẹ́rùsí ló ti wá. Láàárín ọdún 1960 sí 1969, W H Smith, ilé-iṣẹ́ tó ń ta ìwé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fẹ́ fi kọ̀ǹpútà máa bójú tó ibi tó ń kó ìwé sí. Àkọ́lé ìwé kò bá iṣẹ́ yẹn mu: ó gùn, ìwé méjì lè jẹ́ orúkọ kan náà, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ sì lè ṣi orúkọ òǹkọ̀wé kọ. Gordon Foster, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ìṣirò, ló bá wọn ṣètò nọ́ńbà tí wọ́n lè máa lò dípò rẹ̀. Ẹyọ 9 ni nọ́ńbà náà ní nígbà yẹn. Lọ́dún 1970, ISO, àjọ tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ fún gbogbo ayé, sọ ọ́ di ìlànà àgbáyé, ó sì di ẹyọ 10. Láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2007 ló ti di ẹyọ 13 tí a ń rí báyìí. Nínú gbogbo ìtàn yẹn, kò sí ẹnì kankan tó ń wá ìwé tó dára. Ẹni tó ń wá páálí tí ìwé wà nínú rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Ẹyọ 13 náà pín sí ọ̀nà márùn-ún. 978 tàbí 979 ló máa ń ṣáájú, láti sọ fún ẹ̀rọ pé ìwé ni ọjà yìí. Èyí tó tẹ̀lé e ń tọ́ka sí èdè tàbí orílẹ̀-èdè: 0 àti 1 fún àwọn tó ń lo Gẹ̀ẹ́sì, 2 fún Faransé, 3 fún Jámánì, 4 fún Japan. Ti Nàìjíríà ni 978, èyí ló fà á tí àwọn kan fi máa ń rò pé àṣìtẹ̀ ni tí wọ́n bá rí 978 méjì tó tẹ̀léra. Apá kẹta jẹ́ ti ẹni tó tẹ ìwé jáde, ìkẹrin jẹ́ ti ìwé náà gan-an. Ìkarùn-ún jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, òun sì ni mo fẹ́ ká dúró lé lórí, torí òun nìkan ló ń yẹ nǹkan wò nínú gbogbo wọn.

Ẹ wo nọ́ńbà yìí: 978-0-306-40615-7. Ẹ fi 7 tó gbẹ̀yìn sílẹ̀ ná. Nínú 12 tó kù, ẹ fi ẹyọ kìíní sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ sọ ìkejì di ìlọ́po mẹ́ta, ẹ fi ìkẹta sílẹ̀, ẹ sọ ìkẹrin di ìlọ́po mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ títí dé òpin. Àwọn tí a fi sílẹ̀ ni 9, 8, 3, 6, 0 àti 1; àpapọ̀ wọn jẹ́ 27. Àwọn yòókù ni 7, 0, 0, 4, 6 àti 5. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 22, ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ sì jẹ́ 66. Tí a bá ro 27 pọ̀ mọ́ 66, ó di 93. Kí ni a máa fi kún 93 kó lè di nọ́ńbà tí òdo parí? 7 ni. Ìdí nìyẹn tí 7 fi wà níbẹ̀.

Tí ẹnì kan bá ṣi ẹyọ kan ṣoṣo tẹ̀, àpapọ̀ náà kò ní parí sí òdo mọ́, kọ̀ǹpútà á sì kọ̀ ọ́. Tó bá jẹ́ pé ó gbé ẹyọ méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn sípò ara wọn, kọ̀ǹpútà sábà máa ń rí i, àyàfi tí ìyàtọ̀ wọn bá jẹ́ 5, bíi 1 àti 6. Èyí á kọjá láìsí ẹni tó mọ̀. Gbogbo àyẹ̀wò tó wà nínú ISBN nìyẹn. Nọ́ńbà náà ń yẹ ara rẹ̀ wò. Kò mọ̀ bóyá orí kẹta bá orí kejì mu. Kò mọ̀ bóyá òǹkọ̀wé tó ní ká máa mu egbòogi kan mọ ohun tó ń sọ. Kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ kankan wà nínú ewé.

Wọ́n á ní, ó dáa, àwọn tó ń fúnni ní nọ́ńbà ńkọ́? Ṣé àwọn náà kì í kà á ni? Àjọ àgbáyé kan wà ní London tó ń pín nọ́ńbà fún àwọn aṣojú ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Ibì kan wà tó jẹ́ pé ilé-ìkàwé ìjọba ni aṣojú náà, wọ́n sì ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, bíi ti Kánádà. Ibòmíràn, ilé-iṣẹ́ aládàáni ni, a sì ń rà á, bíi ti Amẹ́ríkà. Àkọ́lé ni fọ́ọ̀mù ń béèrè, àti orúkọ òǹkọ̀wé, orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ jáde, èdè, irú ẹ̀dà, ọjọ́ tó máa jáde. Nígbà míì nọ́ńbà ti wà lọ́wọ́ kí òǹkọ̀wé tó kọ ìlà tó gbẹ̀yìn. Àwọn aṣojú kan wà tó ń béèrè ojú ewé àkọ́lé, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì ní òfin pé ká kó ẹ̀dà ìwé tuntun wá fún ilé-ìkàwé ìjọba. Kí wọ́n lè tọ́jú rẹ̀ ni, kì í ṣe kí wọ́n lè dá a lẹ́jọ́. Lójú fọ́ọ̀mù yẹn, òǹkọ̀wé tó ń dá tẹ ìwé nínú yàrá rẹ̀ àti ilé-iṣẹ́ tó ní ẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ jọ dọ́gba.

Ti òfin ló wá ń dùn mí jù, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba owó àwọn òǹkọ̀wé. Àdéhùn Berne, tí wọ́n ṣe lọ́dún 1886 tí wọ́n sì tún ṣe ní Berlin lọ́dún 1908, fi lélẹ̀ pé ẹ̀tọ́ tí òǹkọ̀wé ní lórí iṣẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró de ètò ìforúkọsílẹ̀ kankan. Bẹ́ ẹ bá ti kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀yin lẹ ni ín. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó kọ́kọ́ tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde níbẹ̀, tó sì fẹ́ gbé ẹni tó jí i lọ sílé ẹjọ́, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ forúkọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì ọ̀tọ̀ ni, kò bá ISBN tan.

Torí náà, ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní òun máa bá yín "gba ISBN kí ẹnikẹ́ni má lè jí ìwé yín." Ohun tó ń tà kò sí níbẹ̀. Ẹ tún ṣọ́ra fún ẹni tó ń ta nọ́ńbà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan látinú èyí tó rà fún ara rẹ̀. Ẹ rántí apá kẹta nọ́ńbà náà: orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ gbà á ló wà nínú ìwé àkọsílẹ̀, òun ni àwọn ilé-ìtàwé á máa rí gẹ́gẹ́ bí ẹni tó tẹ ìwé yín jáde. Nọ́ńbà ọ̀fẹ́ tí àwọn ibi tí a ti ń tẹ ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń fúnni jẹ́ òótọ́, àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà ẹ kò lè gbé e lọ síbòmíràn. Tẹ́ ẹ bá kúrò lọ́dọ̀ wọn, ẹ máa nílò òmíràn. Ẹ sì fi sọ́kàn pé ẹ̀dà ẹlẹ́yìn rírọ̀ àti ẹ̀dà ẹlẹ́yìn líle, nọ́ńbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń lò.

N kò ní kẹ́ ẹ má gbà á o. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ilé-ìtàwé béèrè fún ìwé yín, tàbí kí ilé-ìkàwé rí i tètè, ó wúlò gan-an, mo sì máa ń gba àwọn tó bi mí nímọ̀ràn pé kí wọ́n gbà á lórúkọ ara wọn. Ó tilẹ̀ ṣeé ṣe kí ẹni tó fara balẹ̀ ṣètò rẹ̀ jẹ́ ẹni tó fara balẹ̀ ṣètò ohun tó wà nínú ìwé náà, n kò lè jiyàn ìyẹn tán. Ṣùgbọ́n fún ẹ̀dà 40 tí ẹnì kan fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán pọ̀, tó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pín, n kò rí ohun tí nọ́ńbà máa ṣe fún un.

Mo ní irú rẹ̀ kan nílé, ìwé nípa gbogbo àtẹ̀gùn tí òǹkọ̀wé rẹ̀ ti gùn láyé rẹ̀, pẹ̀lú iye ìṣísẹ̀ tó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà ẹyọ 13 wà lẹ́yìn rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo ṣírò rẹ̀ bí mo ṣe ṣàlàyé lókè, pẹ̀lú ẹyọ tó gbẹ̀yìn: ó já sí 97. Mo tún un ṣe, ó tún já sí 97. Mo rò pé ṣe ni òǹkọ̀wé náà fúnra rẹ̀ hun nọ́ńbà yẹn, torí ẹnì kan ti sọ fún un pé ìwé tí kò ní in kì í ṣe ìwé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ka ìwé yẹn tán.