Òṣùwọ̀n ló bí òwò sìkíráàpù: ibi tí títú àlòkù ẹ̀rọ ilé tà ti ṣẹ̀ wá

Ẹ jẹ́ n sọ ibi tí mo dúró sí kí n tó lọ jìnnà. Ká kó fíríìjì tó ti kú, wọ́ṣìn-maṣín tí kò yí mọ́, áyọ́ọ̀nù tí wáyà ẹ̀ ti jóná, ká tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀, ká sì ta irin inú ẹ̀ ní kílò-kílò, òwò yẹn ò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe fíríìjì o. Ó ti wà kí ẹnikẹ́ni tó mọ nǹkan tó ń jẹ́ iná mànàmáná. Àwọn kan á ní ogun ló bí i, àwọn kan á ní ilé iṣẹ́ irin ńlá ni. Èmi ò gbà. Òṣùwọ̀n ló bí i. Ọjọ́ tí ẹnì kan kọ́kọ́ gbé nǹkan tó ti fọ́ sórí òṣùwọ̀n, tí ẹlòmíì sanwó ìwúwo ẹ̀ láìbéèrè bóyá ó ṣì wúlò, ọjọ́ yẹn lòwò yìí bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rí tí mo fẹ́ràn jù, abẹ́ òkun ló wà. Lọ́dún 1960, awalẹ̀pìtàn George Bass àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ wẹdò lọ sísàlẹ̀ òkun ní Cape Gelidonya, létí gúúsù ilẹ̀ Tọ́kì, wọ́n sì tú ẹrù ọkọ̀ kan tó ti rì síbẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1200 ṣáájú ìbí Jésù. Bàbà tí wọn ò tíì fi ṣe nǹkan kan wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n dà ní pẹlẹbẹ bí awọ màlúù tí wọ́n sá. Tíìnì náà wà. Àmọ́ ohun tó mú orí mi wú ni ti àlòkù idẹ inú ẹ̀: àáké tó ti kán, ọkọ́, ọ̀bẹ, oríṣiríṣi irinṣẹ́ tó ti di àfọ́kù, wọ́n sì kó nínú ẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ bí ìgbà téèyàn kó ẹrù ọjà. Ta ló ń kó àáké kíkán wọkọ̀ ojú omi bí kì í bá ṣe ẹni tó mọ̀ pé ẹnì kan ń bẹ níwájú tó máa rà á? Ẹ tún wá gbọ́ eléyìí: wọ́n bá òkúta ìwọ̀n nínú ọkọ̀ kan náà, kì í sì ṣe ẹyọ kan tàbí méjì. Àlòkù irin níbí, òkúta ìwọ̀n lọ́hùn-ún, ọkọ̀ kan ló kó méjèèjì. Kí la tún ń wá?

Mo máa ń ro ti ọkùnrin tó ni ẹrù yẹn gan-an. Ó ṣeé ṣe kó máa gúnlẹ̀ láti etíkun kan sí èkejì, kí àwọn ará abúlé máa kó ọ̀bẹ kíkú àti ọkọ́ jíjẹ wá bá a, kí òun náà fojú tín-ínrín wo ẹrù wọn kó lè rà á lówó pọ́ọ́kú, bóyá kó tiẹ̀ ní kí wọ́n yọ igi èèkù ẹ̀ kúrò ná torí òun ò ra igi. Ó sì lè jẹ́ àwọn tó ń tà fún un náà gbọ́n, kí wọ́n fi iyẹ̀pẹ̀ há inú ìkòkò kó lè wúwo. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá ti dúró níbi tí wọ́n ti ń wọn sìkíráàpù rí á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi ò lè fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sóòótọ́.

Kí ló tiẹ̀ fà á tí wọ́n fi ń ṣe wàhálà àfọ́kù tó bẹ́ẹ̀? Tíìnì ni. Bàbà àti tíìnì ni wọ́n ń yọ́ pọ̀ kí idẹ yẹn tó jáde, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ló máa ń jẹ́ tíìnì, bẹ́ẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń rí tíìnì wà kò pọ̀, ọ̀nà ibẹ̀ sì jìn. Nínú idẹ tó ti fọ́ ní tiẹ̀, tíìnì ti wà níbẹ̀, ẹnì kan ti jìyà ẹ̀ ṣáájú. Yàtọ̀ síyẹn, bàbà lásán ń fẹ́ ooru tó tó 1085°C kó tó yọ́, idẹ kì í tó bẹ́ẹ̀ kó tó di omi. Alágbẹ̀dẹ tó bá fẹ́ fi ewìrì ṣeré ló máa lọ wá òkúta inú ilẹ̀ tí àlòkù bá wà nílẹ̀.

Káàkiri ilẹ̀ Yúróòpù náà ni wọ́n ti ń hú àlòkù idẹ jáde nínú ilẹ̀, àáké, dòjé àti idà tí wọ́n gé kélekèle, tí wọ́n kó jọ sójú kan. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní ẹbọ ni wọ́n fi rú. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fáwọn kan nínú ẹ̀. Àmọ́ tí mo bá rí àfọ́kù idẹ àti èyí tó ṣẹ́kù sílẹ̀ nígbà tí alágbẹ̀dẹ ń da nǹkan, pa pọ̀ nínú ihò kan, mi ò ní máa wá òrìṣà kiri, alágbẹ̀dẹ ló tọ́jú ẹrù ẹ̀ tí kò ráyè padà wá gbé e.

Ẹ jẹ́ n yà díẹ̀ torí mi ò lè máa sọ̀rọ̀ sìkíráàpù kí n má dárúkọ Rhodes, erékùṣù kan ní ilẹ̀ Gíríìsì. Ère idẹ gàgàrà tí wọ́n gbé ró síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 280 ṣáájú ìbí Jésù, ilẹ̀ mì tìtì, ó wó lulẹ̀ lẹ́yìn bí ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, ó sì wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rin ọdún, àwọn èèyàn ń wá wò ó. Theophanes, òpìtàn kan, wá kọ ọ́ pé nígbà táwọn ọmọ ogun Lárúbáwá dé lẹ́yìn ọdún 650, oníṣòwò kan ló ra àfọ́kù yẹn, tó sì fi ràkúnmí 900 kó o lọ. Àwọn kan nínú àwọn òpìtàn òde òní ò gba ti ràkúnmí yẹn gbọ́, bẹ́ẹ̀ náà sì ni wọ́n ń sọ pé ìtàn náà lápapọ̀ ò dá wọn lójú. Kò burú. Èyí tó wù mí níbẹ̀ ni pé lójú ẹni tó kọ ọ́, kò sí ohun àjèjì nínú kí wọ́n ta ohun ìyanu ayé ní àlòkù. Iye ràkúnmí nìkan ló rò pé ó máa ya àwọn èèyàn lẹ́nu!

Ti inú ilé gan-an wá ńkọ́? Ibi tí mo ń tọ́ka sí ni London àtijọ́, lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi tíìnì ṣe àwo àti ife. Àwo wọn rọ̀, ó máa ń tẹ̀, ọ̀bẹ máa ń ha á, kì í pẹ́ gbó. Nígbà tó bá ti gbó, onílé á gbé e padà lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ yẹn, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á yọ iye ẹ̀ kúrò nínú owó àwo tuntun, èyí tó gbó á padà sínú iná. Ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ ìyàtọ̀ ẹ̀ fún mi sí ẹni tó gbé fíríìjì àtijọ́ lọ kí wọ́n lè bá a dín owó tuntun kù. Mi ò rí i o.

Àwọn tó ń bá mi jiyàn wá pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn àkọ́kọ́ ní ìgbà tí Paul Héroult ṣe iná ìléru oní-mànàmáná ní ilẹ̀ Faransé, ní nǹkan bí ọdún 1900, ni sìkíráàpù di nǹkan. Irọ́ ni. Lọ́dún 1865 ni Pierre-Émile Martin, ọmọ Faransé náà, ti ń yọ́ àlòkù irin pọ̀ mọ́ irin tuntun nínú iná ìléru tiẹ̀. Àwọn kejì ní ogun ni, torí pé ní oṣù keje ọdún 1940, Lord Beaverbrook, mínísítà tó ń bójú tó ṣíṣe ọkọ̀ òfuurufú, bẹ àwọn ìyàwó ilé ní Bìrìtìkó pé kí wọ́n kó ìkòkò álúmínì wọn wá láti fi ṣe ọkọ̀ òfuurufú ogun, Amẹ́ríkà náà sì ṣe irú ẹ̀ lọ́dún 1941. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n kó o kalẹ̀! Ẹ ò rí i pé ìtọrẹ nìyẹn, kì í ṣe òwò? Kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n fún onílé, kò sẹ́ni tó ka owó sí i lọ́wọ́. Mi ò ní sọ jùyẹn lọ lórí wọn.

Ohun tí iná mànàmáná ṣe ni pé ó kó bàbà wọnú ilé gbogbo èèyàn. Kó tó dìgbà yẹn, ìkòkò àti àwo ló ní irin tó ṣeé tà nínú ilé, èyíinì sì hàn sójú. Láti ìgbà tí General Electric ti gbé fíríìjì Monitor Top jáde lọ́dún 1927, tí wọ́n sì há mọ́tò ẹ̀ mọ́ inú ikarahun irin tó dí pa, èyí tó lówó lórí jù ti sá pa mọ́ sínú. Kọ̀ǹpẹ́rẹ́sọ̀ tòde òní, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì kiri inú fíríìjì, ṣì rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n á yọ gáàsì inú ẹ̀ ná (torí èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ fíríìjì tuntun, R600a, ń gbaná wàràwàrà), wọ́n á da ọ́ìlì ẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì, wọ́n á wá fi gíráíńdà gé ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ yíká. Tó bá ṣí, mọ́tò kékeré kan ló wà nínú ẹ̀ tí wáyà pupa wé mọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ré ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Ẹ fi ẹnu ọ̀bẹ ha wáyà yẹn: tó bá pupa dénú, bàbà ni, tó bá funfun lábẹ́ ọ̀dà tí wọ́n fi bò ó, álúmínì ni, owó ẹ̀ sì ti já wálẹ̀. Ti wọ́ṣìn-maṣín yàtọ̀, irin tí kì í dípẹtà ni wọ́n fi ń ṣe agbada inú ẹ̀, mágínẹ́ẹ̀tì kì í gbé àwọn kan nínú ẹ̀, ó sì máa ń gbé àwọn mìíràn, nítorí náà mágínẹ́ẹ̀tì nìkan ò tó ṣèdájọ́. Máíkírówéfù ní tiẹ̀, ẹ rọra, kàpásítọ̀ inú ẹ̀, èyí tó ń tọ́jú iná pa mọ́, ṣì lè gba èèyàn ní iná tó lè pani lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ọ́ kúrò lára iná.

Èyí tó kù kò pẹ́ tó ṣẹlẹ̀, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ arúnrin dé ní Texas láàárín ọdún 1950 sí 1960, ọkọ̀ ni wọ́n ṣe é fún, àmọ́ ó ń jẹ fíríìjì náà mọ́ ọn. Lọ́dún 1956, torí àwọn ọmọdé tó ń há mọ́ inú fíríìjì tí wọ́n sọ nù, Amẹ́ríkà ṣòfin pé ilẹ̀kùn ẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé tì ṣí látinú. Àdéhùn Montreal lórí gáàsì tó ń ba ọ́sóònù jẹ́, ìyẹn ohun tó wà lókè òfuurufú tó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ oòrùn, dé lọ́dún 1987, ó sì fà á tó fi di èèwọ̀ láti tú gáàsì fíríìjì sáfẹ́fẹ́ ní Amẹ́ríkà láti oṣù keje ọdún 1992. Ti Bìrìtìkó lọ́dún 2002 ló pa mí lẹ́rìn-ín jù: òfin Yúróòpù ní kí wọ́n yọ gáàsì inú fóòmù fíríìjì kí wọ́n tó rún un, bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì ní ilé iṣẹ́ tó lè ṣe é, fíríìjì bá ń gun ara wọn bí òkè. Lọ́dún 2022, àlòkù ẹ̀rọ oníná tí gbogbo ayé kó jáde tó mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 62, kò sì tó ìdá kan nínú mẹ́rin ẹ̀ tí àkọsílẹ̀ wà pé wọ́n tún un lò bó ṣe yẹ.

Àwọn ará Japan ló wá yí òwò náà bírí. Láti ọdún 2001, òfin wọn ní kí ẹni tó fẹ́ gbé fíríìjì, tẹlifíṣàn, wọ́ṣìn-maṣín tàbí éà-kọ̀ǹdíṣọ̀nà àtijọ́ sílẹ̀ san owó kí wọ́n tó bá a gbé e. Ẹni tó ni irin ló tún ń sanwó! Àwọn kan á ní ìyẹn ti ba àlàyé mi jẹ́, pé òṣùwọ̀n ò sí nídìí ẹ̀ mọ́. Kí wọ́n wọ inú ilé iṣẹ́ tó ń tú u lọ wò ó. Bí wọ́n bá ti yọ bàbà inú ẹ̀ tán, wọ́n á kó o sórí òṣùwọ̀n, kílò ni wọ́n sì ń fi í tà.