Ìdí Tí Ilé Fi Ń Dúró sí Líńtẹ̀lì

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, tàbí tó wọ àwọn àdúgbò tuntun tó wà lẹ́yìn Ìkòròdú, yóò rí wọn lọ súà: ilé tí ògiri rẹ̀ ti ga kọjá fèrèsé, níbi tí wọ́n ń pè ní líńtẹ̀lì, tí kò ní òrùlé, tí koríko ti hù nínú pálọ̀. Ohun tí àwọn tó ń kọjá máa ń sọ kò ju méjì lọ. Wọ́n á ní owó ti tán lọ́wọ́ onílé, tàbí kí wọ́n ní àyà rẹ̀ ti já. Ọ̀rọ̀ kejì yìí ló ń bíni nínú. Wọ́n á ní kíkọ́lé gba ọkàn akin, pé kí ẹni tí kò bá láyà má ṣe bẹ̀rẹ̀, àfi bí ẹni pé ìgboyà jẹ́ ohun tí èèyàn ń kó jọ sílé kó tó lọ pe bíríkìlà.

Àwọn tó ń kọ́ ilé wọ̀nyí ni tíṣà, nọ́ọ̀sì, awakọ̀, ìyá aláṣọ ní Gbági. Kò sí ìgbà kankan láyé wọn tí owó ilé odindi máa wà lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ń bà wọ́n dáadáa. Ètò tí wọ́n ń tẹ̀ lé ni kò béèrè bóyá ẹ̀rù ń bà wọ́n tàbí kò bà wọ́n.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ rírà, sọ́fíè àti àwọn ajagungbalẹ̀, ẹ jẹ́ ká fò ó. Òfin ilẹ̀ ti 1978 wà ńlẹ̀, òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2016 láti dá àwọn ajagungbalẹ̀ lẹ́kun wà ńlẹ̀, ẹjọ́ ò sì tíì tán ní kóòtù. Ká gbà pé ilẹ̀ ti wà. Ká gbà pẹ̀lú pé báńkì kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Èlé tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà fi ń ṣe òdiwọ̀n dé 27.5% ní oṣù kọkànlá 2024, báńkì tó sì fẹ́ yáni lówó á ṣẹ̀ṣẹ̀ fi tirẹ̀ lé e. Àpò owó ilé kíkọ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1992 (National Housing Fund) ń gba 2.5% nínú owó oṣù òṣìṣẹ́, àmọ́ ẹni tó bá gbójú lé òun nìkan á pẹ́ nínú ilé àyágbé.

Ilé fúnra rẹ̀ ni wọ́n wá sọ di báńkì. Ká kúkú pè é ní kóló. Ojú ihò tóóró ni owó ń gbà wọ inú kóló, kì í sì í padà jáde àfi téèyàn bá fọ́ ọ. Ẹni tó bá ní ₦200,000 nínú àkáǹtì lọ́jọ́ kẹta oṣù, tó bá fi máa di ọjọ́ kẹrin, fóònù ti dún: ara bàbá kò yá, ọmọ àbúrò fẹ́ sanwó ìdánwò, ẹgbẹ́ ti mú aṣọ. Kò sí irọ́ nínú ìkankan, ìyẹn gan-an sì ni wàhálà rẹ̀. Àmọ́ ẹni tí owó rẹ̀ ti di búlọ́ọ̀kù kò rí nǹkan kan fi ránṣẹ́. Kò sẹ́ni tó ń fi búlọ́ọ̀kù san owó ilé ìwé. Kóló onígi, ọmọ tó bá gbọ́n lè dojú rẹ̀ délẹ̀, kó ki ọ̀bẹ pẹlẹbẹ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kó rọra máa fa náírà kọ̀ọ̀kan yọ. Kóló tí wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì lẹ̀ pọ̀, ọ̀bẹ wo ló fẹ́ wọ ibẹ̀? Ọkọ kò lè jí i kó, ìyàwó kò lè yá nínú rẹ̀, olè kò lè gbé e sórí ọ̀kadà. Àwọn ọmọ onílẹ̀ nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń mì kóló yìí kí nǹkan já bọ́ látinú rẹ̀, wọn kì í sì í lo ọ̀bẹ.

Ibí yìí ni ìfọkànsí tí wọ́n máa ń yin onílé fún ti ń wá. Kò jí láràárọ̀ kó máa ronú ilé. Ó kàn ti gbé owó síbi tí ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ kò tó mọ́ ni.

Ohun tí wọ́n ń kó sínú kóló náà ní ètò. Wọn kì í kó sìmẹ́ńtì pamọ́, nítorí pé ó ń fa omi inú afẹ́fẹ́. Bó bá ti pé oṣù mẹ́ta nílẹ̀, agbára rẹ̀ ti ń lọ, tí òjò bá sì fọ́n sí i lára, ó ti di òkúta nínú àpò. Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n ń sọ ọ́ dà kíákíá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, àpò sìmẹ́ńtì kan kò tíì pé ₦5,000 ní ọ̀pọ̀ ibi. Ní oṣù kejì 2024, ìjọba àpapọ̀ ní láti pe àwọn iléeṣẹ́ sìmẹ́ńtì jókòó, wọ́n sì fẹnu kò sí ₦7,000 sí ₦8,000, nítorí pé ó ti ga ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jà. Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n ti mọ ṣáájú ìgbà yẹn kò tiẹ̀ gbọ́ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ìpele àkọ́kọ́ tó ń dẹ́rù bani ni fáúndéṣọ̀n. Wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n á da kọnkéré sí i, wọ́n á to búlọ́ọ̀kù, wọ́n á kún un ní yẹ̀pẹ̀, wọ́n á wá dà á lójú pa. Àwọn bíríkìlà máa ń sọ pé ilẹ̀ ń jẹ owó, òótọ́ sì ni, nítorí pé owó rẹpẹtẹ á wọlẹ̀, ohun tójú á rí kò ní ga ju orúnkún lọ. Ṣùgbọ́n nǹkan kan á ti yí padà lórí onílé. Kí ilẹ̀ tó gbẹ́, ìbéèrè tó ń dà á láàmú ni pé, "Ṣé irú èmi náà lè kọ́lé?" Ta ló fẹ́ dá a lóhùn? Lẹ́yìn fáúndéṣọ̀n, ìbéèrè náà di, "Búlọ́ọ̀kù mélòó ló kù?" Búlọ́ọ̀kù onínṣì mẹ́sàn-án gùn ní 450mm, ó ga ní 225mm, nítorí náà nǹkan bíi mẹ́wàá ló ń kún mítà kan níbùú lóòró. Yàrá tó jẹ́ mítà 3.6 sí 3.6, tí ògiri rẹ̀ ga ní mítà 3, á gbà tó 430 kí wọ́n tó yọ ojú fèrèsé àti ilẹ̀kùn kúrò. Ẹni tó ń ra 50 lóṣù á parí yàrá kan láàárín oṣù mẹ́sàn-án. Kò rọrùn fún ẹ̀rù láti dúró níwájú irú ìṣirò bẹ́ẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé máa ń kìlọ̀ pé kéèyàn má tìtorí owó tó ti lọ kó tún máa kó òmíràn tẹ̀ lé e. Lórí fáúndéṣọ̀n, àṣìṣe tí wọ́n ń kìlọ̀ fún yẹn gan-an ló ń gbé ògiri dìde. Owó ti wọlẹ̀, kò ṣé hú. Ó di dandan kí onílé máa bá a lọ, á wá dà bí ẹni pé ìgboyà ló ní.

Wọ́n á wá dé líńtẹ̀lì. Òun ni ọ̀pá kọnkéré onírin tó gba orí fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà kọjá, ó sì sábà máa ń yí gbogbo ilé po. Tí wọ́n bá ti gbé ìlà búlọ́ọ̀kù méjì mẹ́ta lé e, ó kan òrùlé. Títí di ibẹ̀, gbogbo nǹkan ló ṣé gé kéékèèké: búlọ́ọ̀kù 50 lóṣù yìí, 20 lóṣù tó ń bọ̀, òdo lóṣù tí àwọn ọmọ bá wọlé ìwé. Ògiri ò ní bínú. Àwọn àgbà ní díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà, àmọ́ àwọn tó pa òwe yẹn kò fi òrùlé ṣe é, nítorí pé òrùlé kì í wá díẹ̀díẹ̀.

Wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Igi kan tẹ́ sórí ògiri, òmíràn dábùú yàrá, òmíràn dúró ṣánṣán, òmíràn dagun sí i. Gbogbo wọn ló gbé ara wọn ró, ìdajì wọn kò sì lè dá dúró de ìjì oṣù kẹta. Ẹni tó bá ní òun á ra igi sílẹ̀ báyìí kí òun tó wá owó páànù lẹ́yìn, oòrùn á lọ́ igi náà, ikán á bẹ̀ ẹ́ wò, àwọn ọmọ àdúgbò á mú díẹ̀ nínú rẹ̀ dáná. Ká ní ó fẹ́ kọ́kọ́ ra páànù ńkọ́? Páànù alumíníọ̀mù gígùn, ẹ̀yìn tí igi bá ti dúró tán ni wọ́n ń wá wọ̀n ọ́n, wọ́n á sì gé e ní ìwọ̀n ilé yẹn gan-an. Èyí já sí pé igi, ìṣó, páànù àti owó iṣẹ́ kápẹ́ńtà gbọ́dọ̀ pé sójú kan láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́rin mọ bí wọ́n ṣe ń fi owó kékeré kọ́lé, ọgbọ́n yẹn kò ṣiṣẹ́ mọ́ lórí òrùlé. Ìdí tí ilé fi ń dúró sí líńtẹ̀lì nìyẹn. Àyà onílé kò já ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Nǹkan tí kò ṣé gé ló kò ó lójú.

Níbí, kóló ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Owó ńlá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló kù, Yorùbá sì ti ní ohun tó ń ṣe ìyẹn tipẹ́. Èsúsú ni. Samuel Johnson ti ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921, àwọn ọmọ Yorùbá sì gbé e dé Trinidad, tí wọ́n ṣì ń dá susu níbẹ̀ dòní. Èèyàn 12, ₦100,000 lóṣù, ẹnì kan á kó ₦1,200,000. Kò sí èlé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kó ti yá owó láìsan èlé, ẹni tó kó kẹ́yìn ló fi tirẹ̀ pamọ́ fún un. Ìjà kì í sábà wà lórí owó, orí nọ́ńbà ló ń wà: ẹni tó ní ilé ní líńtẹ̀lì ń fẹ́ oṣù kìíní tàbí ìkejì, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, tí òfin rẹ̀ ti wà láti 1935, ń gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n sábà máa ń yá ọmọ ẹgbẹ́ ní ìlọ́po méjì ohun tó ti fi pamọ́, wọ́n á sì ní kí ọmọ ẹgbẹ́ méjì ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí àwọn tó ń kọ́lé kì í fẹ́ gbọ́. Nígbà ìpìlẹ̀ àti ògiri, ẹnu dídì dára. Ọ̀pọ̀ kì í sọ fún ẹbí pàápàá, wọ́n sì jàre: ẹni tí kò mọ̀ pé ò ń kọ́lé kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó rẹ. Àmọ́ òrùlé kò gba àṣírí. Onígbọ̀wọ́ gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń fọwọ́ sí, ẹgbẹ́ èsúsú gbọ́dọ̀ mọ ìdí tí o fi ń bẹ̀bẹ̀ fún nọ́ńbà kejì. Ẹni tó bá gbé ìwà bòókẹ́lẹ́ ìgbà fáúndéṣọ̀n dé líńtẹ̀lì, ó ṣeé ṣe kó pẹ́ níbẹ̀. Onígbọ̀wọ́ tún ń ṣe iṣẹ́ mìíràn tí ẹnikẹ́ni kì í kọ sínú fọ́ọ̀mù: ojú rẹ̀ ni onílé yóò máa rò lọ́jọ́ tó bá ń wù ú láti fi owó náà ra mọ́tò.

Àwọn tó wà ní London tàbí Houston, òdì kejì ni wọ́n bá pàdé. Owó òrùlé kì í ṣòro fún wọn bí ti ará ilé, kóló ni kò sí lọ́wọ́ wọn. Ẹlòmíràn ló ń bá wọn ju owó sí i, ihò náà kì í sì í tóóró tó mọ́.

Ètò yìí ní àbùkù, kò sì kéré. Ògiri tí kò ní òrùlé ń mu òjò lọ́dọọdún, irin tí wọ́n yọ lórí òpó ń dípẹtà, owó ọdún mẹ́fà dúró sójú kan tí kò mú nǹkan kan wọlé, onílé sì ń san owó ilé fún ẹlòmíràn. Tó bá kú, àwọn ọmọ á jogún líńtẹ̀lì àti ẹjọ́. Síbẹ̀ kò sí báńkì tó lè gbà á lọ́wọ́ wọn, ìyẹn sì tó ohun tí ọ̀pọ̀ fi ń yàn án.

Bí páànù bá ti wà lórí, ọ̀pọ̀ kì í dúró de ìparí. Wọ́n á fi ilẹ̀kùn sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n á rẹ́ yàrá méjì, wọ́n á fi pákó dí fèrèsé tó kù, wọ́n á kó wọlé. Àwọn àlejò á máa sọ pé ìkánjú ni, àmọ́ ibẹ̀ ni ìṣirò ti yí padà. Owó tí lándílọ́ọ̀dù ń gbà lọ́dọọdún ti bọ́ sílẹ̀, kò sì ní gba èsúsú kankan mọ́: ọdún àkọ́kọ́ á fi ṣe fèrèsé, ìkejì á fi rẹ́ pálọ̀, ìkẹta á fi gbẹ́ kànga. Ọ̀dà ni wọ́n máa ń fi sẹ́yìn jù, ilé mìíràn sì wà tí kò kàn títí tí àwọn ọmọ fi ṣègbéyàwó, tí wọ́n wá kun iwájú ilé nìkan nítorí fọ́tò.