VVT nínú ọkọ̀ ọtomátíìkì

VVT (variable valve timing) ni ètò tó ń yí àkókò tí fáàfù ẹ́ńjìnnì ń ṣí àti èyí tó ń padé padà, gẹ́gẹ́ bí eré ẹ́ńjìnnì àti iṣẹ́ tó wà lọ́rùn rẹ̀. VVT-i ni Toyota ń pe tirẹ̀ láti 1996. Ó wà nínú Corolla 2003 sí 2008 tí wọ́n ń kó wọlé láti Amẹ́ríkà, ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE onílítà 1.8, irú èyí tó pọ̀ lójú títì Àbújá.

Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì gan-an ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀, tí àwọn rẹ́wáyà ń pè ní brain box, ń fi iná darí fáàfù ọ́ìlì kékeré kan. Fáàfù yìí á ti ọ́ìlì sínú jíà orí camshaft, ìyẹn ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì, camshaft á sì yí díẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn.

Bí ọkọ̀ bá dúró lórí D, torque converter, tó so ẹ́ńjìnnì pọ̀ mọ́ jíà ọtomátíìkì, ṣì ń wọ́ ẹ́ńjìnnì nígbà tí eré rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìyípo 700 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Kọ̀ǹpútà á dá camshaft fáàfù ìwọlé padà sẹ́yìn pátápátá, kí èéfín má baà ṣẹ́rí padà síbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Tí awakọ̀ bá tẹ throttle (ẹsẹ̀ iná), kọ̀ǹpútà á sún camshaft náà síwájú. Agbára á tètè dé, jíà á sì lè gòkè láìṣẹ́ ẹ́ńjìnnì níṣẹ̀ẹ́. Kì í ṣe VVT ló ń mú kí jíà wọlé jẹ́jẹ́, bí àwọn kan ṣe rò: àkókò tí plọ́ọ̀gì ń tan iná ni kọ̀ǹpútà ń fà sẹ́yìn fún ìyẹn.

Àìsàn VVT máa ń jọ ti jíà ọkọ̀ (gearbox), ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń ra jíà tòkunbọ̀ tí wọn kò nílò. Bí ìdọ̀tí bá há fáàfù ọ́ìlì sí ìhà iwájú, ọkọ̀ lè dúró lórí N, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fi í sí D tàbí R, á gbọ̀n tàbí kó kú. P0011 ni kóòdù àṣìṣe tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ máa ń fi hàn. Tó bá há sẹ́yìn, P0012 ni: ìdúró rẹ̀ dára, àmọ́ kò lágbára lórí òkè, jíà á máa já wálẹ̀ léraléra, epo á sì máa tètè tán. Ọ̀ràn iná tàbí wáyà ni P0010.

Láti yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n yọ wáyà fáàfù náà, kí wọ́n fi mítà wọn ìdènà iná rẹ̀: 6.9 sí 7.9 ohm ni lórí 1ZZ-FE, ní 20°C. Nínú ooru oṣù kẹta, iye náà á ga díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ nídùúró, kí wọ́n fún fáàfù ní iná bátìrì 12 V fún ìgbà díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ gbọ̀n tàbí kó kú. Bí ohunkóhun kò bá yí padà, fáàfù ti há tàbí ojú ọ̀nà ọ́ìlì ti dí. Àsẹ́ ọ́ìlì kékeré kan tún wà lẹ́yìn bóòtù lára orí ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n sábà máa ń gbàgbé láti fọ̀.

Ọ́ìlì tó pẹ́ ló ń dá ìdọ̀tí yìí sílẹ̀. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya àti Mararaba, lẹ́bàá Àbújá, ń fi wákàtí kún iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì láì fi kìlómítà kún un, nítorí náà ó sàn kí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì ní 5,000 kìlómítà: 5W-30, lítà 3.7 pẹ̀lú fíltà tuntun.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ń han gbàrà-gbàrà fún ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí méjì tí wọ́n bá tan án láàárọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé pín tó ń ti jíà camshaft pa ti jẹ. Fífọ fáàfù kò lè yanjú ìyẹn. Jíà orí camshaft náà ni wọ́n ń pààrọ̀, kì í ṣe jíà ọkọ̀.