Bí ogun ṣe ń bọ́ Ìbàdàn, àti bí ìbọn ṣe gba Oǹdó kọjá

Ará Oǹdó tó bá gbọ́ ìtàn ogun Kírìjì á rò pé ọ̀rọ̀ Ìbàdàn àti Èkìtì nìkan ni. Bẹ́ẹ̀, ìlú rẹ̀ gan-an ni ìbọn gbà kọjá.

Ibùdó ogun ni Ìbàdàn nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó ní nǹkan bí ọdún 1829. Kò lọ́ba aládé. Ẹni tó bá lákin lójú ogun ló ń jẹ Balógun, Ọ̀tún tàbí Òsì. Ìlú kò sì sanwó fún ọmọ ogun. Olúkúlùkù ológun ló ń bọ́ tirẹ̀ nínú agbo ilé, ẹrú tó kó lójú ogun ló sì ń ro oko tí wọ́n ń jẹ. Ẹni tó bá fẹ́ ọmọ ogun púpọ̀ ní láti ní ẹrú púpọ̀; ẹni tó bá sì fẹ́ ẹrú, àfi kó tún lọ sógun.

Àwọn oníṣòwò náà wà nínú ètò yìí. Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde, ń ta ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn ológun ní àwìn. Nígbà tí Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, yọ ọ́ nípò ní 1874, ara ẹ̀sùn tó kà sí i lọ́rùn ni pé kò fi nǹkan ogun ránṣẹ́ sí òun, kò sì wá pàdé òun lẹ́yìn odi nígbà tí òun ti ogun dé.

Ìlú tí wọ́n bá ṣẹ́gun, wọ́n á fi ajẹ́lẹ̀, aṣojú Ìbàdàn, síbẹ̀ láti máa gba ìṣákọ́lẹ̀. Ìlú náà ló ń bọ́ ajẹ́lẹ̀ àti gbogbo ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, àwọn yìí kò sì mọ ìwọ̀n: ohun tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń mú. Ìyẹn ló sú Fábùnmi ará Òkèmẹ̀sí tó fi pa ajẹ́lẹ̀ ní 1878, tí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà sì para pọ̀ bá Ìbàdàn jà. Ogun Kírìjì nìyẹn.

Ẹ̀tù ni ìṣòro Ìbàdàn. Ó jìnnà sí òkun, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ló sì di ọ̀nà mú. Glover tó ń ṣàkóso Èkó ti ṣí Ọ̀nà Oǹdó ní 1872 kí òwò má bàa há sọ́wọ́ wọn: ọkọ̀ ojú omi gba ọ̀sà dé Ayésan, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ gba Oǹdó àti Òkè-Igbó. Àmọ́ àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà l'Ékòó ló jèrè rẹ̀ jù. Ọ̀nà yìí ni wọ́n fi ìbọn ìgbàlódé, èyí tí wọ́n ń ki láti ìdí, ránṣẹ́ sílé. Ṣakabùlà, ìbọn àtijọ́ tí wọ́n ń ki láti ẹnu, ló ṣì pọ̀ jù lọ́wọ́ Ìbàdàn.

Látòósà kú sí ibùdó ní 1885. Wọ́n ṣàdéhùn àlàáfíà ní oṣù Kẹsàn-án 1886, síbẹ̀ ó di 1893, nígbà tí Gómìnà Carter wá láti Èkó, kí ogun Ìbàdàn tó kúrò ní Ìkirun.