Fàdámà, NEWMAP, ACReSAL: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ètò ìjọba fún ilẹ̀ àti omi oko

Àgbẹ̀ á lọ sípàdé, wọ́n á dárúkọ ètò mẹ́ta mẹ́rin sí i létí, á sì padà sílé láì mọ èyí tó kan oko rẹ̀. Ó máa ń dùn mí, nítorí ohun tí àwọn orúkọ wọ̀nyí ń tọ́ka sí kì í ṣe àjèjì sí wa rárá: ilẹ̀ tí àgbàrá ń wọ́ lọ ni, àti omi tó yẹ kó kù fún wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn ìbéèrè tí àwọn àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ mi máa ń bi mí jù ni mo kó jọ síbí.

Kí ni Fàdámà gan-an? Ṣé orúkọ iléeṣẹ́ ìjọba ni?

Àkùrọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ Hausa ni fàdámà. Ilẹ̀ ẹsẹ̀ odò, tí èèyàn kò ní í gbẹ́ jìnnà kó tó kan omi, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, irú ibi tí àwa ti ń gbin ẹ̀fọ́, ata àti àgbàdo nígbà tí oko òkè bá ti gbẹ. Àkùrọ̀ ti lómi tẹ́lẹ̀ kí òjò tó rọ̀ sí i, àwọn baba wa ti sọ ọ́. Ìjọba àpapọ̀ kàn mú ọ̀rọ̀ náà fi sọ orúkọ ètò tí Báńkì Àgbáyé yá wọn lówó fún.

Ìpele àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1993, apá Òkè Ọya ló sì pọ̀ sí. Wọ́n ń gbẹ́ kànga tẹ́ẹ́rẹ́ sínú àkùrọ̀, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ fa omi rẹ̀ jáde láti bomi rin oko ní ẹ̀ẹ̀rùn. Ní 2004 ni ìpele kejì bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni Ọ̀yọ́, Ògùn àti Èkó ti bá wọn dá sí i. Ìpele kẹta ní 2009 ló tàn ká orílẹ̀-èdè.

Ibi tó ń rú àwọn èèyàn lójú rèé. Wọ́n rí i pé kì í ṣe ẹni tó ń gbin nǹkan nìkan ló ni àkùrọ̀. Apẹja ń lò ó, darandaran ń fi ẹran mumi níbẹ̀, ọdẹ àti àwọn tó ń já ewé ń gbà á kọjá. Bí wọ́n bá gbẹ́ kànga fún apá kan, tí oko sì dí ọ̀nà tí ẹran ń gbà débi omi, ìjà dé. Nítorí náà ni ìpele kejì fi sọ pé kí gbogbo àwọn tó ń lo ilẹ̀ náà kóra wọn jọ ní ẹgbẹ́ ẹgbẹ́, oníṣẹ́ kan pẹ̀lú ara wọn, kí àwọn ẹgbẹ́ sì para pọ̀ di àpapọ̀ kan tí yóò jókòó kọ ohun tí ìlú ń fẹ́ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ á mú náírà 30 wá nínú 100, ètò náà á fi 70 sí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ fún yín títí di òní pé "ẹ lọ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀" kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́ yín.

Láti ìgbà náà ni Fàdámà ti kúrò ní ti àkùrọ̀ nìkan. Àwọn tó ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe gàrí wọlé, àwọn tó ń sin adìẹ náà wọlé. Lẹ́yìn àrùn kòrónà, láti 2021, inú ètò ìrànwọ́ ìjọba kan tí wọ́n ń pè ní NG-CARES ni orúkọ Fàdámà ń gbé. Torí náà, bí ẹnì kan bá ní Fàdámà ti parí, tí ẹlòmíràn ní ó ṣì wà, irọ́ kọ́ ni ẹnikẹ́ni nínú wọn ń pa. Fàdámà wo? Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi wọ́n nìyẹn.

NEWMAP ńkọ́? Wọ́n ní ọ̀rọ̀ "watershed" ló dá lé lórí.

NEWMAP ni ètò tí ìjọba àpapọ̀ fi gbógun ti àgbàrá tó ń jẹ ilẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lóye ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú gbogbo èyí, ẹ jẹ́ kó jẹ́ watershed. Ẹ wo òjò tó rọ̀ ní apá Ṣakí. Omi rẹ̀ á wọ inú àwọn odò kéékèèké, wọ́n á já sínú Odò Ògùn, Ògùn á gba Abẹ́òkúta kọjá, á sì tú sínú ọ̀sà ní Èkó. Gbogbo ilẹ̀ tí òjò rẹ̀ ń bá ara wọn pàdé nínú odò kan báyìí, látorí òkè títí dé ibi tí odò náà parí sí, òun ni watershed.

Ìtumọ̀ rẹ̀ fún àgbẹ̀ ni pé oko yín àti oko ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí jọ wà nínú abọ́ kan. Bí ẹni tó wà lókè bá gé gbogbo igi orí òkè rẹ̀, àgbàrá á yára, á kó yẹ̀pẹ̀ dúdú orí ilẹ̀ rẹ̀ lọ, yẹ̀pẹ̀ náà á sì lọ dí ìsàlẹ̀ odò lọ́dọ̀ ẹni tó wà nísàlẹ̀. Ẹni òkè pàdánù ilẹ̀, odò ẹni ìsàlẹ̀ kò jìn mọ́, àkúnya sì dé. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú kòtò tí àgbàrá gbẹ́ ní láti bẹ̀rẹ̀ lókè níbi tí omi ti ń kóra jọ.

Ohun tí NEWMAP dúró lé nìyẹn. Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí i ní 2012 pẹ̀lú 500 mílíọ̀nù dọ́là. Ìpínlẹ̀ méje ló fi bẹ̀rẹ̀: Abia, Anambra, Cross River, Ebonyi, Edo, Enugu àti Imo, nítorí ibẹ̀ ni ilẹ̀ oníyanrìn ti ń ya lulẹ̀ tó ń gbé ilé àti ọ̀nà mì. Ó gbèrú lẹ́yìn náà títí ó fi dé ìpínlẹ̀ 23, Ọ̀yọ́ sì wà lára wọn. Ó parí ní 2022. Ẹni tó bá ń ta fọ́ọ̀mù NEWMAP fún yín lónìí, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀.

Èrò tèmi ni pé ojú ètò náà wà lára kòtò ńlá jù. Kòtò ńlá ni kámẹ́rà ń yà, bẹ́ẹ̀ inú oko ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí òjò kọ̀ọ̀kan ti ń bó ilẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láì sẹ́ni tó rí i, títí àgbàdo á fi máa pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tí a ó sì ní ilẹ̀ ti ṣá.

Ilẹ̀ Yorùbá wà nínú ACReSAL bí?

Apá kan wà níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ 19 ti Òkè Ọya àti Àbújá ni wọ́n ṣe é fún, nítorí pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó ń gbẹ ló dá lé lórí. Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí i ní oṣù Kejìlá 2021, 700 mílíọ̀nù dọ́là. Kwara àti Kogi wà lára àwọn 19 náà. Nítorí náà, àgbẹ̀ Ọ̀fà tàbí Kàbà lè béèrè nípa rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ti Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ìkìrun kò sí níbẹ̀, kódà bí oko rẹ̀ bá fẹ̀gbẹ́ kan ti Kwara.

Oko mi wà létí odò. Ṣé mo gbọ́dọ̀ sanwó fún Ogun-Oshun River Basin, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó odò, kí n tó fa omi?

Bó bá jẹ́ oko ara yín ni ẹ fẹ́ fi bomi rin, rárá. Òfin omi ti 1993 fi àkóso odò tó bá kan ju ìpínlẹ̀ kan lọ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n òfin kan náà sọ pé ẹni tó ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀, tí ilẹ̀ rẹ̀ sì kan etí odò, lè bu omi odò náà láì sanwó fún ìlò ilé, fún ẹran ọ̀sìn àti fún bíbomirin tirẹ̀. Omi abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ náà wà nínú ẹ̀tọ́ yìí. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín mọ̀ ọ́n. Ohun tí àjọ náà lè gba owó lé lórí ni omi tí wọ́n fi ẹ̀rọ àti kọnkéré tiwọn gbé dé oko tí wọ́n pín fún yín.

Ní ti àjọ odò yẹn, 1973 ni ìjọba dá àjọ odò méjì àkọ́kọ́ sílẹ̀, ti Chad àti ti Sokoto-Rima. Ní 1976 wọ́n sọ wọ́n di mọ́kànlá. Ti Ògùn àti Ọ̀ṣun, tó fìdí kalẹ̀ sí Abẹ́òkúta, ń bójú tó Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Ògùn àti Èkó. Omi ni wọ́n fẹ́ tẹ̀ lé nígbà tí wọ́n ń pín in, àmọ́ ààlà ìpínlẹ̀ ń fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún: Ìgèdè-Èkìtì ni Odò Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀, ṣùgbọ́n abẹ́ àjọ Benin-Owena ni Èkìtì wà. Dáàmù Ọ̀yán, tó wà lábẹ́ àjọ Ògùn àti Ọ̀ṣun, tí wọ́n sì ṣí ní 1983, gba omi tó tó 270 mílíọ̀nù mítà kúbíìkì. Omi Èkó àti Abẹ́òkúta ni wọ́n kọ́ ọ fún, àti hẹ́kítà 3,000 oko tí wọ́n fẹ́ máa bomi rin nísàlẹ̀ Odò Ògùn.

Àgbàrá ń jẹ ilẹ̀ wa. Ṣé mo lè kọ̀wé gba owó Ecological Fund?

Kì í ṣe fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Láti 1981 ni wọ́n ti ń yọ ọ́ sọ́tọ̀ nínú owó àpapọ̀ orílẹ̀-èdè fún ìjàǹbá àyíká bí irú àgbàrá yìí, apá kan rẹ̀ sì ń lọ sọ́wọ́ ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀. Kí ìlú kọ lẹ́tà ní àjọkọ, kí wọ́n fi àwòrán sí i, kí wọ́n gbé e lọ sí ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n sì béèrè ohun tí wọ́n fi ìpín ti ọdún yẹn ṣe.

Àwọn agíríìkì ní ká máa ṣe "zero tillage", "mulching" àti "contour". Kí ni wọ́n ń sọ?

Zero tillage ni ká má tú ilẹ̀ rárá, ká kàn gbẹ́ ihò tó gba irúgbìn. Mulching ni fífi koríko gbígbẹ tàbí pòpórò àgbàdo bo ilẹ̀. Ìbàdàn wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe ìwádìí gidi lórí méjèèjì. Rattan Lal, onímọ̀ nípa ilẹ̀, ọmọ Íńdíà, ṣiṣẹ́ ní IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà níbẹ̀, láti 1970 títí di 1987. Ó ṣètò oko kéékèèké sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ń lọ láti ìwọ̀n 1 sí 15 nínú 100, ó sì ń wọn yẹ̀pẹ̀ tí òjò ń kó lọ. Ilẹ̀ tó wà ní ìhòòhò ń lọ rẹpẹtẹ. Èyí tí koríko bò fẹ́rẹ̀ẹ́ má pàdánù nǹkan kan. Ní 2020, wọ́n fún un ní World Food Prize, ẹ̀bùn àgbáyé fún iṣẹ́ lórí oúnjẹ. Ẹ̀gúsí tí ìyá àgbà máa ń gbìn sáàárín iṣu ń ṣe apá kan nínú iṣẹ́ tí koríko yẹn ń ṣe, nítorí ewé rẹ̀ ni òjò ń bà kó tó ba ilẹ̀.

Contour ni ìlà tó gba ara gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kọjá láì gòkè, láì sọ̀ kalẹ̀. Ebè tó bá tẹ̀ lé e á dábùú ọ̀nà omi. Lọ́dún kan, a háyà katakata sí ilẹ̀ ìyá mi tó dagẹ̀rẹ́. Awakọ̀ tú u láti òkè wá sísàlẹ̀ nítorí ó rọrùn fún un, gbogbo poro wa sì di ojú ọ̀nà fún àgbàrá. Òjò ńlá kejì kó àgbàdo tó ti yọ ewé mẹ́rin lọ bá odò. Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní í gbà fún un, àwa ni a kò sì dí i lọ́nà lọ́dún náà.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ìlà yẹn láì ní irinṣẹ́ sọ̀fíyọ̀?

Ẹ wá igi méjì tó gùn tó mítà méjì, tó sì gùn bákan náà. Ẹ so orí wọn pọ̀, ẹ ya ẹsẹ̀ wọn, ẹ fi igi kúkúrú dábùú àárín kó dà bíi lẹ́tà A. Ẹ so òkúta mọ́ okùn, ẹ jẹ́ kó rọ̀ láti orí kọjá igi tó dábùú. Ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ sàmì sí ibi tí okùn ti kan igi náà. Ẹ pààrọ̀ ẹsẹ̀ méjèèjì sójú ibi kan náà, ẹ sàmì kejì. Àárín àmì méjèèjì ni okùn gbọ́dọ̀ wà nígbà tí ẹsẹ̀ igi méjèèjì bá ga bákan náà. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ oko kan, ẹ kan èèkàn síbi ẹsẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ máa wá ibi tí ẹsẹ̀ kejì yóò gbé dúró tí okùn á fi bọ́ sí àárín, ẹ kan èèkàn síbẹ̀, ẹ yí i lọ síwájú. Ọmọ méjì lè parí ìlà kan ní òwúrọ̀ kan. Lórí ìlà tí èèkàn bá tò sí, ẹ gbin agúnmaníyè tàbí koríko tó ní gbòǹgbò jíjìn nígbà àkọ́rọ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn ebè tó kù tẹ̀ lé e, kí ẹ sì fi èèkàn yẹn han awakọ̀ katakata kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.