Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gba owó fọ́tò àkọ́kọ́, káàdì mélòó ló wà lápò yín?

Okun o, ẹ̀yin ènìyàn mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Kàbà, ó fi áńkáṣífù wé káàdì kámẹ́rà bí ẹni wé ẹyin. Nígbà tí mo tú u, ọwọ́ mi ń yọ̀. Òróró àdúrà ni wọ́n fi pa á níwájú lẹ́yìn, títí dé ara àwọn irin pẹlẹbẹ tó máa ń kan inú kámẹ́rà. Iṣẹ́ olówó rẹ̀ àkọ́kọ́ ni, ìgbéyàwó kan ní Ìsánlú. Ó ya bíi 700 àwòrán, 300 péré ló ṣí. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀. Láti ìgbà tí tọkọtaya ti wọ ibi àríyá, kò sí nǹkan kan mọ́. Wọ́n ti sọ fún un pé ayé ló bá a jà, pé ẹnì kan nínú ẹbí ìyàwó ni kò fẹ́ kí ayọ̀ ọjọ́ náà hàn síta.

Ọmọ kẹta tó gbé irú ọ̀rọ̀ yìí wá bá mi láàárín oṣù méjì nìyẹn. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ti gbààwẹ̀ lé e lórí. Inú bí mi, ni mo fi jókòó kọ èyí.

Ẹ jẹ́ kí n tètè kọjá lórí àwọn tó rọrùn. N kò ní kọ́ ẹnikẹ́ni níbí bí wọ́n ṣe ń gbé ISO sókè tàbí bí wọ́n ṣe ń mú shutter yára. Ẹni tí kò tíì mọ ìyẹn kò yẹ kó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kó padà sọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Ẹ gba ìdajì owó sílẹ̀ kí ẹ tó fún wọn lọ́jọ́. Ẹ kọ àdéhùn, ojú ìwé kan ti tó: wákàtí mélòó, àwòrán mélòó, ọjọ́ wo ni wọn yóò gbà á. Ẹ ní kí wọ́n fi ẹnì kan tó mọ ẹbí dáadáa tì yín lẹ́gbẹ̀ẹ́, torí ẹ̀yin kò lè mọ̀ pé ìyá arúgbó tó jókòó sẹ́yìn lẹ́bàá ìkòkò ọbẹ̀ ló tọ́ ọkọ ìyàwó dàgbà. Ẹ lọ wo ibẹ̀ ṣáájú, ní irú àsìkò tí ìnáwó yóò bọ́ sí gan-an. Kánópì aláwọ̀ ewé a máa sọ ojú ènìyàn di ojú aláìsàn, ẹ sún wọn sí etí rẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run ti ń wọlé. Nígbà ọyẹ́, ẹ má tú lẹ́ńsì ní gbangba rárá. Ẹ gba agbára sínú bátìrì méjì, ó kéré tán, láti alẹ́ àná, ẹ má dúró de iná òwúrọ̀.

Ìyẹn ti tó. Ọ̀rọ̀ mi, ọ̀rọ̀ káàdì ni.

Káàdì tí ọ̀pọ̀ yín ń rà lórí àtẹ ẹ̀gbẹ́ títì, tí wọ́n kọ 128GB sí lára, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í ṣe 128GB. Ó lè jẹ́ 8GB, ó lè jẹ́ 16GB. Àwọn tó ṣe é ti tún ọpọlọ kékeré inú rẹ̀ tò kó lè máa parọ́. Kámẹ́rà á béèrè pé, àyè mélòó ló kù? Káàdì á ní, ó kù rẹpẹtẹ. Kámẹ́rà á gbà á gbọ́. Bí àyè tòótọ́ bá kún, kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Yóò kàn máa gba àwòrán lọ bí ẹni ń pọnmi sínú apẹ̀rẹ̀. Òmíràn tiẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: tuntun ni yóò máa kọ lé ti tẹ́lẹ̀ lórí. Bí ẹ bá ń fi kámẹ́rà 24 megapixel ya RAW, ìyẹn fáìlì ńlá tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe, àwòrán kan lè tó 25MB. Inú 8GB kò gbà ju bíi 300 lọ. Ẹ padà lọ wo iye tó ṣí fún ọmọ Ìsánlú yẹn. Ẹbí ìyàwó kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ọmọ náà ní, "Màmá, ṣùgbọ́n mo rí wọn lójú kámẹ́rà!" Òótọ́ ló sọ. Àwòrán tó máa ń yọ lójú kámẹ́rà bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́ tán, inú ọpọlọ kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ló ti ń jáde, kì í ṣe inú káàdì. Ẹ má fi í ṣe ẹ̀rí. Bí ìsinmi díẹ̀ bá wà, bóyá nígbà tí àlùfáà ń wàásù, ẹ padà sẹ́yìn, ẹ ṣí èyí tí ẹ ti yà ní ìdajì wákàtí sẹ́yìn, ẹ sún un mọ́ra títí ẹ ó fi rí irun ìpéǹpéjú. Bó bá ṣí, ó wà. Bí kò bá ṣí, ẹ ṣì ráyè pààrọ̀ káàdì.

Ètò kọ̀ǹpútà kan wà tó ń jẹ́ H2testw. Ọ̀fẹ́ ni, Jámánì ló ti wá. Ẹ ó fi káàdì òfìfo sínú láptọ́ọ̀pù, ètò náà yóò kọ nǹkan sínú rẹ̀ títí yóò fi kún dé ẹnu, yóò wá padà kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ohun tó kà kò bá bá ohun tó kọ mu, yóò sọ iye tí káàdì náà jẹ́ lóòótọ́. Ó lè gba wákàtí kan, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fara balẹ̀. Bí wọ́n bá múná lọ, ẹ tan jẹnẹrétọ̀. Kò sí káàdì tó wọ ṣọ́ọ̀bù mi tí kì í ṣe ìdánwò yìí kó tó fojú kan kámẹ́rà, kódà èyí tí àbúrò mi fi ránṣẹ́ láti òkè òkun ṣe é. Ẹ bi àwọn ọmọ iṣẹ́ mi.

Ẹ má sì gbé gbogbo iṣẹ́ lé káàdì ńlá kan. Mẹ́rin oní-32GB sàn fún mi ju ẹyọ kan oní-128GB lọ. Ọ̀kan fún ìmúra nílé, ọ̀kan fún ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan fún ibi àríyá, ọ̀kan yóò wà nílẹ̀. Bí kámẹ́rà yín bá ní ojú káàdì méjì, ẹ tò ó kí ó máa kọ sínú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ kámẹ́rà àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní, ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀. Kí ẹ tó yọ ọ́, ẹ dúró kí iná kékeré ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà kú, torí ó ṣì ń kọ̀wé ni. Èyí tó ti kún, ẹ má sọ ọ́ sínú báàgì kámẹ́rà. Báàgì ni olè àríyá ń wò. Gbogbo bùbá tí mo ń wọ̀ lọ sóde iṣẹ́ ni mo rán àpò kékeré onísíìpù mọ́ nínú, lápá òsì, ibẹ̀ sì ni káàdì tó ti kún ń gbé títí mo fi délé.

Alẹ́ ọjọ́ náà, ó ti wù kó rẹ̀ yín tó, ẹ ó kó o sórí láptọ́ọ̀pù, ẹ ó sì kó o sórí háàdì díráìfù. Àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ káàkiri ayé ní òfin lórí èyí: ẹ̀dà mẹ́ta, lórí ohun ìpamọ́ oríṣi méjì, kí ọ̀kan wà ní ibòmíràn. Bí ẹ bá ń ti Ẹ̀gbẹ̀ bọ̀ wá sí Kàbà, kí láptọ́ọ̀pù àti díráìfù má wọ báàgì kan náà. Ẹ má sì sọ fún mi pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ ó kó o sí lálẹ́ ọjọ́ náà. 700 RAW ti ju 17GB lọ, ẹ̀yin náà sì mọ bí nẹ́tíwọ̀kì ṣe ń rí nínú àwọn abúlé wa. Títí ẹni tó gbé iṣẹ́ fún yín yóò fi gba àwòrán rẹ̀ sọ́wọ́, ẹ kò gbọdọ̀ pa nǹkan kan rẹ́ nínú káàdì náà.

Bí àwòrán bá wá sọ nù ńkọ́? Ẹ yọ káàdì lójú ẹsẹ̀, ẹ má ya ohunkóhun mọ́ ọn mọ́. Bí kámẹ́rà bá pa àwòrán rẹ́, àmì tó ń tọ́ka sí i ni ó sábà máa ń mú kúrò. Àwòrán fúnra rẹ̀ lè ṣì wà níbẹ̀ títí nǹkan mìíràn yóò fi gorí rẹ̀. Ètò ọ̀fẹ́ kan tó ń jẹ́ PhotoRec ti bá mi gba ọ̀pọ̀ padà. Ṣùgbọ́n èyí tí káàdì ayédèrú kò kọ sílẹ̀ rárá, kò sí ẹni tó lè gbà á padà. Ẹni tó bá ní òun yóò gbà á fún yín, tó wá ní kí ẹ tún un fọ́máàtì ná, ìyẹn kí ẹ nu gbogbo inú rẹ̀, olè ni. Mo ti rí ọ̀kan tó ri káàdì bọ inú ìrẹsì tí wọn kò tíì sè, bí ẹni pé omi ló mu. Ó gba owó ọmọ ọlọ́mọ, ó sì da orin sínú káàdì náà láti fi dán an wò! Ohun tó kù níbẹ̀ ló pa tán yẹn. Àwọn wọ̀nyí ni kí ẹ bẹ̀rù, ẹ fi àjẹ́ sílẹ̀.

Ọdún 26 ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Fíìmù ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ẹyọ 36 péré nínú rólù kan, ọ̀gá mi a sì máa ka nẹ́gẹ́tíìfù bí ẹni ń kawó. Ọdún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sórí kámẹ́rà oníkáàdì ni wọ́n pè mí sí òkú àgbà olóyè kan ní Bùnú. Wọ́n gbé aṣọ ìpò, aṣọ pupa òkú àgbà àwọn ará Bùnú, jáde fún un. Pupa aṣọ náà le fún kámẹ́rà púpọ̀, a máa kún kọjá àlà, gbogbo ojú òwú á pòórá, á wá dà bí ọ̀dà tí wọ́n dà sílẹ̀. Mo dín ìmọ́lẹ̀ kù ní ìpele kan, mo wo òkè pupa lára histogram, àtẹ tí kámẹ́rà fi ń ṣàfihàn ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀, mo tún un yà. Ojú òwú yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí mo ṣe ń wò ó ni àbúrò olóògbé, obìnrin kan ṣoṣo tó kù nínú ọmọ ìyá rẹ̀, rìn wá, ó fi ẹ̀yìn ìka fọwọ́ kan etí aṣọ náà, ó sì gbójú sókè. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀ pé n kò tíì ya irú rẹ̀ rí.

Káàdì kan ni mo ní. Nígbà tí mo délé lóru, mo ṣí fóldà lórí kọ̀ǹpútà, mo kọ orúkọ olóògbé sí i, iná sì lọ kí n tó kó àwòrán kan sínú rẹ̀. Mo sùn. Láàárọ̀, ìsọmọlórúkọ kan wà ní Kàbà. Mo rí fóldà náà, mo rí orúkọ lórí rẹ̀, n kò ṣí i. Mo fọ́máàtì káàdì, mo ya ọmọ tuntun sí orí rẹ̀, àwòrán 200 ó lé. Ọ̀sán ni mo tó ṣí fóldà. Òfìfo ni. Gbogbo ètò tó ń gba àwòrán padà ni mo gbìyànjú, àwòrán mẹ́rin ló jáde, ìlàjì ìlàjì, aṣọ ìpò kò sí nínú wọn.

Mo dá owó padà pátápátá. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, àkọ́bí olóògbé wọlé wá. Ó ní, "Àbúrò mi, kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ni mo bá wá. Àbúrò bàbá mi obìnrin kú lánàá. Mo ní kí n tún bi ọ́, bóyá o ti rí i." Mo ní n kò rí i. Ó jókòó díẹ̀, ó ní kí n sọ fún òun bí ojú wọn ṣe rí lọ́jọ́ náà. Mo sọ ọ́. Ó ní kí n tún un sọ.

Ọmọ olóróró yẹn ní iṣẹ́ mìíràn ní Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Mo ti ní kó kó gbogbo káàdì rẹ̀ wá lọ́jọ́bọ̀, kí ó tètè dé ṣáájú aago mẹ́jọ, torí mẹ́rin ni wọ́n, a ó sì dán gbogbo wọn wò kí ilẹ̀ tó ṣú.